Alágbàfọ̀ Tó Mọ Ibi Tí Ẹ̀ṣẹ̀ Ti Wá

Ó-Ti-Wà-Níbẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ náà. Bí o bá gbé aṣọ wá fún un, yóò tẹ́ ẹ sórí tábìlì, yóò yí i síwá yí i sẹ́yìn, yóò wá tọ́ka sí àmì kan tí ìwọ fúnra rẹ kò rí rí.

"Wò ó dáadáa o. Ó ti wà níbẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ mi."

Bí aṣọ bá ya lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ya láti ilé. Bó bá sún kì, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́ ju ọṣẹ rẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń fọṣọ náà ló ṣe ń gbàgbọ́. Ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó mọ ìtàn ẹ̀ṣẹ̀ bíi tirẹ̀. Ádámù ló kọ́kọ́ dá a, wọ́n sì bí i mọ́ gbogbo wa. Bó bá jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀, Ádámù ni. Bó bá pẹ́ dé ìsìn, Ádámù ni. Ẹni tó ti kú tipẹ́ kò kúkú lè wá rojọ́.

Pásítọ̀ wá sọ fún un pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun yóò fi í ṣe olùkọ́ kíláàsì náà. Ohun tó ti ń wá kiri látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Pásítọ̀ sì gbé ẹ̀wù funfun tuntun tí òun fúnra rẹ̀ yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà wá, kó bá òun lọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ wá àmì lára rẹ̀ títí ojú fi ń ta á. Kò rí.

"Pásítọ̀, aṣọ yín mọ́ o!" Ó pariwo rẹ̀ níṣojú àwọn oníbàárà. "Kò sí àbàwọ́n kankan!"

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé ẹ̀wù náà, ó kọjú sí dígí, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. "Ẹ̀yin ará, èmi aláìyẹ yìí..." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀, ó tún un sọ. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rántí áyọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi máa gbé e kúrò, igbá àyà ẹ̀wù ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń sá aṣọ.

"Kí ló ń jó?"

"Áyọ́ọ̀nù ti gbóná jù. Ìwọ lo sì tan án."

"Èmi ni mo tan án. Ẹ̀yin lẹ gbé e lé aṣọ."

"Bó ò bá tan án ńkọ́?"

"Bàbá wọn, ọkùnrin kan ti sọ bẹ́ẹ̀ rí nínú ọgbà kan. Wọn ò gbà fún un."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó gbé ẹ̀wù náà lọ bá Pásítọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ.

"Ta ló jó o báyìí?"

"Èmi ni."

Bóyá nítorí pé kò tíì sọ ọ́ rí, ṣe ló jáde lẹ́nu rẹ̀ bí irọ́. Pásítọ̀ fi àánú wò ó.

"Ó ti yé mi. Ẹ ń bo ìyàwó yín láṣìírí."

Ó ya ẹnu, ó tún pa á dé.

Nígbà tí ìsìn wọra, Pásítọ̀ gbé e ga: "Ẹ wo ọkùnrin tó ru ẹ̀bi aya rẹ̀!" Ìjọ ṣe àmín. Wọ́n pè é síwájú, ó lọ jókòó sórí àga olùkọ́. Ìyá ẹgbẹ́ akọrin fẹnu sí etí ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo ilé: "Ìyá wọn, ẹ máa rọra lọṣọ o. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ rere!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó.

Alágbàfọ̀ dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìnkùlé nìyàwó mi wà. Èmi ni mo jó o. Iwájú dígí ni mo wà, mò ń kọ́ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lónìí."

Pásítọ̀ ń wo òrùlé. Kí wọ́n tó túká, wọ́n ti fi ẹlòmíràn jẹ olùkọ́.

Lójú ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ ti kọ́kọ́ jókòó sórí àga yẹn."

"Mo jókòó."

"Ẹ sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá mú yín jókòó?"

"Ó wù mí ni."

Obìnrin náà pòṣé. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì ṣíwájú.