Ẹ̀wà Tí Màmá Mi Ṣà

Àwọn ènìyàn wa kì í wá kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí kò bá mú ọsàn wá yóò mú ìtàn ẹni tí irú àìsàn náà ti bá fínra wá. Mo rí i kedere nígbà tí ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú màmá mi ní Oǹdó.

Dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé wọn yóò ṣe é fún un ní Àkúrẹ́ níbi tí mò ń gbé, yóò sì sùn sílé lọ́jọ́ náà. Tí a bá fi falẹ̀, ojú náà lè fọ́ pátápátá. Màmá gbà. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí àlejò dé. Bàbá kan sọ pé wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun, àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fà á lọ́wọ́ kiri.

“Ṣùgbọ́n tiyín ò ní rí bẹ́ẹ̀ o, lágbára Ọlọ́run!”

Ó jẹ iyán tán, ó nu ẹnu, ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá ní òun ò ṣe mọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi sunkún lórí fóònù. Gbogbo Sátidé ni mò ń wọkọ̀ láti Alágbàká ní Àkúrẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ní Oǹdó, èsì kan náà ni: “Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, mò ń ríran.” Bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ẹ̀wù tí mo fi kọ́ ara ògiri káàbọ̀ ni.

Aládùúgbò kan wà tí òun àti màmá jọ dàgbà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bára wọn díje: ta ló kọ́kọ́ lọ́kọ, ọmọ ta ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì. Òun ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú tirẹ̀ láìsọ fún ẹnì kan. Ní Sátidé kan, ó yà kí wa. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣa ẹ̀wà tán, ó sì ń yangàn pé kò sẹ́ni tó lè rí ìdọ̀tí nínú ẹ̀wà òun. Obìnrin yìí jókòó ti atẹ, ó wá ń kó ohun tó rí sí àtẹ́lẹwọ́ màmá lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Òkúta rèé. Kòkòrò rèé. Òmíràn rèé. Ṣé èyí lo fẹ́ fún ọmọ ẹ jẹ?”

Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo rò pé màmá yóò bú sẹ́kún. Ó ní, “Ọjọ́ wo ni dókítà yẹn máa ń wà? Obìnrin yẹn kò ní ríran jù mí lọ ládùúgbò yìí.”

Àdúrà ṣe tirẹ̀, n kò jiyàn. Àmọ́ owú ló gbé màmá mi wọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́. Títí dòní, tí mo bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo máa ń fi obìnrin yẹn kún un, tòun ti ẹnu rẹ̀ tó mú.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, nọ́ọ̀sì ṣí báńdéèjì. Màmá ṣẹ́jú. Kò wo nọ́ọ̀sì, kò wo fèrèsé. Èmi ló tẹjú mọ́. Ó na ọwọ́, ó fi kan irun mi.

“Ìgbà wo ni ewú gba orí rẹ tó báyìí?”

“Ó ti pẹ́, Màmá.”

Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì sáré sọ pé, “Màmá, ẹ má sunkún o, nítorí ojú yín!” Màmá gbọ́ràn, ó mú ẹkún náà mọ́ra. Èmi ni n kò lè mú tèmi mọ́ra.