Agolo Mílíìkì Tí Mo Jù Sí Etí Odò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè pọn omi láìjẹ́ pé ẹlòmíràn gbé e rù mí, ibi kan ṣoṣo ni ìdílé wa máa ń lọ tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi. Ibẹ̀ ni abà bàbá mi, nínú igbó tó wà lọ́nà Ìbà. Àwọn ọmọ òde òní a máa kó àgọ́ aláṣọ lọ sínú igbó láti lọ gbatẹ́gùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé àwa náà lọ irú rẹ̀. A kàn ò fún un lórúkọ ni.

Ní ìdájí la ti ń kúrò ní Ìkìrun. Bàbá mi á máa ti kẹ̀kẹ́ lọ níwájú, ẹní àti iyọ̀ àti àtùpà á wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Màmá mi á ru ìkòkò. Èmi àti Délé, ẹ̀gbọ́n mi, á máa tẹ̀lé wọn, ìrì á sì rin wá dé orúnkún. Ẹni tó máa ń gbẹ̀yìn ni Ìyá Inísà, ìyá tó bí màmá mi. Inísà ni wọ́n ti ń wá bá wa lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ló ni abà, ṣùgbọ́n Ìyá Inísà ló ń ṣe àkóso rẹ̀.

Òfin wọn pọ̀. Ewé la fi ń jẹun jù. Ẹ̀kọ inú ewé, ọ̀lẹ̀ inú ewé, iṣu sísun tí wọ́n bu epo sí lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tí a bá jẹun tán, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni ewé ń padà sí. Èèpo iṣu di ti ewúrẹ́. Eérú ni a fi ń fọ ìkòkò, èyí tó bá ṣẹ́kù á lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Tí wọ́n bá rán wa ní igi ìdáná, igi gbígbẹ tó ti wó sílẹ̀ nìkan la gbọ́dọ̀ ṣà. Wọ́n á ní, “Igi tútù ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó ti fẹ̀yìn tì ni kí ẹ gbé wá.” Lọ́jọ́ tí a bá sì ń padà sílé, omi ni wọ́n máa fi pa iná ààrò, wọ́n á wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé eérú láti mọ̀ bóyá ó tutù dénú.

Èyí tó le jù ni ti odò. A kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú rẹ̀. A ó fi igbá bu omi, a ó gbé e jìnnà, ibẹ̀ la ó ti wẹ̀. Èmi àti Délé rú òfin yìí lọ́jọ́ kan, a kó ọṣẹ wọnú odò, a fi ìfóòfó rẹ̀ ṣe irùngbọ̀n. Ìyá Inísà bá wa níbẹ̀. Wọn ò nà wá. Wọ́n ní kí a kúnlẹ̀, kí a kọjú sí ibi tí omi ń ṣàn lọ, kí a bẹ àwọn tó ń mu ún nísàlẹ̀. A bẹ̀ wọ́n títí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ọdún tí mo di ọmọ mẹ́sàn-án, àbúrò màmá mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, fi agolo mílíìkì kan ránṣẹ́ sí Ìyá Inísà. Ara wọn kò le nígbà náà, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu wọn dáadáa. Wọ́n ní kí wọ́n máa bu díẹ̀díẹ̀ sínú ògì mu. Màmá mi fi agolo náà sí orí àjà.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe gùn ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo wọn wà lábẹ́ kòkó, mo gbé mílíìkì náà lọ sí etí odò, mo fi ẹnu àdá ya orí rẹ̀. Mo fi ìka lá a títí tó fi tán. Dídùn rẹ̀ kò ṣeé sọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà mí. Mo ki agolo òfìfo náà bọ abẹ́ ewé gbígbẹ níbi tí a ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi, mo sì padà sí abà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Inísà lọ sí odò. Wọn kì í pariwo. Orúkọ màmá mi ni wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ya, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ewé ibẹ̀. Màmá mi gún ewé imí-eṣú sí i, wọ́n ya aṣọ dì í. Bàbá mi mú agolo náà dání, wọ́n wò ó yípo.

“Ta ló jù ú síbẹ̀?”

Délé wo ojú mi. Mo wo ilẹ̀.

Ìyá Inísà ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ ná. Ẹni tó jù ú á sọ̀rọ̀ tó bá yá.”

Àìsàn ipá, tó ń mú ara gan, ni bàbá mi ń bẹ̀rù. Ọkùnrin kan ní abà kejì ti fẹsẹ̀ tẹ ìṣó, ipá sì pa á kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Wọ́n gbé Ìyá Inísà sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń tì í lọ sí Òkukù, níbi tí wọ́n ti lè rí abẹ́rẹ́ gbà. Wọn ò padà lọ́jọ́ náà. Wọn ò padà lọ́jọ́ kejì. Màmá mi ń gbàdúrà sínú, oúnjẹ di igi lẹ́nu mi. Mo rò ó pé mo ti pa ìyá màmá mi nítorí ohun tí mo fi ìka lá.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi nìkan ló dé. Wọ́n ní ẹsẹ̀ Ìyá Inísà wú, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n wà nílé ará ìjọ wa kan. Aṣọ ni wọ́n wá mú fún wọn. Mo ní mo fẹ́ bá wọn lọ. Bàbá mi gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Ìyá Inísà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá, èmi ni.”

“Mo mọ̀.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?”

“Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo tẹ agolo, o kọ ẹ̀kọ, o ní o ti yó. Ìwọ kì í yó.” Wọ́n fà mí mọ́ra. “Ṣé ó dùn?”

“Ó dùn, mà.”

“Ó dáa bó ṣe dùn.” Wọ́n nawọ́ sí ẹsẹ̀ tó wú náà. “Mílíìkì kọ́ ló dùn mí, Àṣàkẹ́. Ká ní kì í ṣe èmi ni mo tẹ agolo yẹn, á dúró síbẹ̀ de ẹsẹ̀ ẹni tá ò mọ̀. Èmi mọ ẹni tí mo máa dárí jì. Onítọ̀hún ò ní mọ̀.”

Mo sunkún títí imú mi fi dí. Wọ́n fi etí ìró wọn nù mí lójú, wọ́n sì fún mi ní àkàrà tí wọ́n gbé wá fún wọn.

Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi gìgísẹ̀ rìn díẹ̀. Bàbá mi kò nà mí. Wọ́n fún mi ní àpò kan, wọ́n ní ohunkóhun tí ilẹ̀ kò bá lè jẹ nínú abà, ìbáà ṣe agolo, ìbáà ṣe àfọ́kù ìgò, èmi ni kí n máa ṣà á, kí n sì rù ú padà sí Ìkìrun. Odidi ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ mi kó àwọn ọmọ wọn wálé, wọ́n ní kí n mú wọn lọ sùn ní abà náà. Abà ti wó, igbó ti ṣí, orí koríko la wá tẹ́ ibùsùn sí. Odò ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti rù, ọ̀rá omi mímu sì kún etí rẹ̀ bí òdòdó. Láyé àtijọ́, ẹnikẹ́ni ò fi bí a ṣe ń tọ́jú igbó kọ́ wa níléèwé. Ohun tí a ní ló kéré, ewé ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ yìí mọ orúkọ ẹ̀kọ́ náà lédè òyìnbó, síbẹ̀ ṣíbí oníke ni wọ́n kó wá. Mi ò bá wọn jà. Mo kó ṣíbí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo bu oúnjẹ sórí rẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí epo ṣe ń ṣàn sí wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí a ń lọ láàárọ̀, àpò ìdọ̀tí mẹ́ta la rù, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Mo bojú wẹ̀yìn wo ibi tí a sùn. Koríko ibẹ̀ ṣì tẹ̀ sílẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀la, á ti nàró.