Àwọn Àkànní Mọ́mì Lọ́yà

"Àkànní, má tíì ti géètì o, Levi ń bọ̀."

Gbólóhùn tí Olúwadàmọ́lá gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀ kan lọ́dún 2008 ni. Màmá wọ bàtà, wọ́n gbé báàgì, wọ́n gba kóòtù lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé wọn ṣubú níwájú adájọ́. Kí wọ́n tó gbé wọn dé ọsibítù, ó ti parí.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá bá ọmọ sọ kẹ́yìn, ti Levi ni. Èyí ń dun Dàmọ́lá bí egbò.

Jọkẹ́ Ṣóbọ̀wálé lorúkọ Màmá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, Ketu ni wọ́n fi ṣelé. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìkòsí ni ọ́fíìsì wọn. Àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ wọn ń gba ẹjọ́ ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé sí Magodo. Ti Màmá, àwọn ọmọ tí ọlọ́pàá bá kó ní Mile 12 ni. Ọlọ́pàá á mú ọmọ tó ń ru tòmátò, wọ́n á ní olè ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, kó lè bá àwọn àgbà lọ sẹ́wọ̀n. Màmá á wọ ọjà lọ wá ìyá rẹ̀.

"Ìyá Mutolib, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún tẹ́ ẹ bí i?"

"Áà, Mọ́mì Lọ́yà! Ọdún tómi ya wọlé bá wa ni. Oyún ẹ̀ ni mo gbé gorí tábìlì!"

Màmá á ní kó wá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ní kóòtù. Adájọ́ á rẹ́rìn-ín, á fi ọdún omi náà mọ ọjọ́ orí ọmọ, Mutolib á máa bá ìyá rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí ìjọba Èkó ṣòfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, Màmá gbé e káàkiri ọjà, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fáwọn ọlọ́mọ.

Ìwé ò wọ Dàmọ́lá lórí. Ó di fọkanáísà, ó ń lẹ táyà ní Alápẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣe fírídọ̀mù, àwọn ìyá yòókù gbé ìrẹsì wá. Màmá wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ń jà fọ́mọ ọlọ́mọ.

Mojeed tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ nawọ́ sí àga tó ṣófo. "Ṣé o fẹ́ rí màmá ẹ ni? Lọ jí tòmátò kan ní Mile 12. Wàràwàrà ni wọ́n máa dé!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dàmọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń jó o nínú títí dòní.

Àmọ́ ohun kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àkànní. Oríkì tí ìyá àgbà sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ìyá àgbà ti kú. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ará àdúgbò ò mọ̀ ọ́n. Màmá nìkan ló ń fi í pè é.

Lọ́dún 2004, ó gbé kúlà oúnjẹ lọ bá Màmá ní kóòtù. Levi ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ọmọ tí ò lẹ́nìkan, tí kì í tiẹ̀ ṣe Yorùbá. Ó tẹ orí ba, ohùn ò jáde. Màmá gbá a léjìká mú.

"Àkànní, gbórí sókè. Sọ ohun tó o rí."

Levi gbórí sókè. Ó sọ̀rọ̀. Adájọ́ dá a sílẹ̀.

Dàmọ́lá gbé kúlà padà sílé láì ṣí i.

Láti ìgbà náà, Levi di ará ilé. Màmá rán an níwèé, ó wọ yunifásítì, òfin ló ń kọ́. Tó bá ti wọlé, Dàmọ́lá á jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Levi wá. Ó bu omi mu, ó jókòó sétí àga.

"Brọ̀dá Dàmọ́lá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Mọ́mì wa..."

"Mọ́mì ta?"

"Mọ́mì yín, sà."

"Kí ni wọ́n ń pè ẹ́?"

"Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí ni wọ́n ń pè ẹ́!"

"Àkànní." Levi sorí kodò. "Gbogbo wa ni, tí wọ́n bá ti bá wa ní sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní ọmọ àwọn nílé ló ni ín. Ẹ̀rù ọlọ́pàá máa ń ba Mọ́mì náà, brọ̀dá. Wọ́n ní táwọn bá ti pe orúkọ yẹn, ọkàn àwọn á balẹ̀."

Dàmọ́lá gbọ́. Kò rọ̀ ọ́ nínú. Gbogbo wọn! Kì í tiẹ̀ ṣe Levi nìkan.

"Ta ló ní kí wọ́n fi yá yín? Orúkọ mi ni. Dá a padà. Kẹ́nikẹ́ni nínú yín má jẹ́ ẹ mọ́."

Levi dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ó ti di tiyín, sà. Màá sọ fáwọn tó kù."

Ó jáde. "Ó dàbọ̀, Brọ̀dá Dàmọ́lá."

Dàmọ́lá dúró láàárín pálọ̀. Orúkọ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kò kù ju kẹ́nìkan fi pè é lọ. Ó fetí sílẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó pè é.

Ó mú ife tí Levi fi mumi. Ó bu omi sí bésìnì, ó fi ọṣẹ fọ ife náà, ó ṣan án, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.