Pádì Tí Ẹ̀rù Bá Mi Yàn

Irọ́ kékeré kan ni mo pa, ó sì tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ. Ọkùnrin tó fẹ́ ta pádì ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí aṣọ́lé fi ń bo ẹsẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má bàa ṣe é léṣe, fún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Plumstead Common ní London, bi mí bóyá mo ti wọn ẹsẹ̀ mi láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún. Mo ní mo ti wọ̀n ọ́n. Mi ò wọn nǹkan kan. Ohun tí mo ń wò ni pé pádì yẹn ga, ó fẹ̀, ó sì bo èèyàn dé itan. Bí wọ́n bá ṣe èyí tó dé àgbọ̀n, èmi ni màá kọ́kọ́ rà á.

Ẹ má bi mí pé kí ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ń wá nídìí họ́kì orí yìnyín. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì tó ń gbé nítòsí Woolwich Common, ló fà mí wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò lè sáré, wọ́n ṣe mí bí a ti ń ṣe ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá nílé: wọ́n gbé mi sẹ́nu góòlù. Ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ń gbá rọ́bà dúdú tó le bí òkúta sí. Tó bá ti ń bọ̀, ojú ni mo máa ń dì.

Pádì tí mo rà yẹn wá di wàhálà. Méjèèjì ń gbá ara wọn bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń tì. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi ò bá tìmùtìmù inú pádì tó yẹ kó gbà á, ó balẹ̀ lórí yìnyín, gbì! Rọ́bà gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Mo fẹ́ dìde, pádì ò gbà.

"Bàbá, ṣé àdúrà lẹ̀ ń gbà ni?" Ọmọ Èkó kan nínú ẹgbẹ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kọ́ọ̀ṣì ní tó bá tún rí báyìí ní Sátidé, òun á fi ẹlòmíì síbẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú bí mi ni. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí yẹn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fún okùn pádì títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Mo ki táwẹ̀lì sí i. Pàbó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi lẹ́nu ẹ̀ nílé, ní Thamesmead. Ó ní kí n wọ pádì àti bàtà onírin tí mo fi ń yọ̀ lórí yìnyín, kí n jókòó, kí n tẹ orúnkún. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Uncle, wo ibi tí orúnkún ẹ wà. Wo ibi tó yẹ kó wà. Ìka mẹ́rin ló wà láàárín wọn!"

"Torí kó lè bo itan mi ni mo ṣe rà á."

"Ó bò ó. Ṣé o lè rìn?"

"Aṣọ́lé kì í rìn. Ó máa ń dúró ni."

"Ìwọ máa ń ṣubú ni."

"Tí mo bá wá ra kékeré, tí rọ́bà yẹn bà mí ńkọ́?"

Ó ti ń tú okùn pádì.

"Tà á, Uncle, ká wá èyí tó bá ẹ mu. Ẹ̀rù á ṣì máa bà ẹ́ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n wàá lè dìde."