Ìlà Ogójì Tí Mo Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé ẹ̀kọ́ kékeré tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárín àwọn ọdún 1980. Àwa mẹ́sàn-án la ń pín in lò. Inú ìwé la ti ń kọ́kọ́ kọ àwọn àṣẹ tí a fẹ́ fún un, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ̀wá, ogún, ọgbọ̀n. Tó bá wá kan ẹni, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ṣọ́ọ̀kì, yàrá yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Mo mọ ìṣirò gan-an, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ló ń jókòó tì mí. Odògbolú ni wọ́n ti ń wá. Iṣẹ́ táípù ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí wọ́n bá nawọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀, ṣe ni mo máa ń mí kanlẹ̀.

Ni olùkọ́ bá ní kí a kọ ètò tí yóò to máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orí èyí tó ga jù. Tèmi ń to máàkì rúdurùdu. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó tán. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn."

Ojú tì mí. Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo ń bi ara mi bóyá mo tiẹ̀ ní ọpọlọ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ rárá. Bàbá mi sì rèé, wọ́n ti ń fi mí yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tẹríba lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó."

"Èmi tí mi ò mọ ìṣirò?" Wọ́n gbé gààrí tí wọ́n ń mu sílẹ̀. "Ó dáa. Máa ka ti inú ìwé ẹ sókè, èmi á máa wo ti inú ẹ̀rọ. Bí a ṣe ń yẹ lẹ́tà wò lọ́fíìsì nìyẹn."

Mo tún ètò mi tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, mo sì ń kà á lọ títí mo fi dé ìlà ogójì.

"Dúró ná. Èyí tó o kà yẹn ò sí níbí o."

Mo wo ìwé mi. Ìlà méjì ni mo fún ní nọ́ńbà ogójì! Bí ẹ̀rọ ṣe gba èkejì, ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Mo yí nọ́ńbà ọ̀kan padà, mo tún un tẹ̀, gbogbo máàkì sì tò létòlétò. Ìyá náà pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé tiwọn ni.

Láti ọjọ́ yẹn la ti jọ ń ka iṣẹ́ ara wa. Èmi ń ṣàlàyé ìṣirò fún wọn, wọ́n ń kọ́ mi ní sùúrù. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo padà wá ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a parí ẹ̀kọ́, ìyá náà ra gúgúrú àti ẹ̀pà, a sì jọ dúró létí títì, à ń jẹ ẹ́, à ń rẹ́rìn-ín, títí ọkọ̀ Odògbolú fi dé.