Tú U, Tu Ú

Kànfáàsì ilé-ẹ̀kọ́ wa tó ya ni mo gbé lọ fún obìnrin kan tó ń rán kànfáàsì lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn èbúté, tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ sì tò sára ògiri láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ṣé yóò tètè yá?" Ó gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó tó ìgbà karùn-ún tí mo lọ síbẹ̀ kó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é nígbà tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun díje. Ẹ̀ẹ̀méje lòun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gba ife-ẹ̀yẹ. Òun ló ń fi ọ̀pá ìdarí tu ọkọ̀. Àbúrò ló ń mójú tó okùn ìgbòkun, tí wọ́n máa ń so mọ́ ìkọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá le jù, àfi kí wọ́n tú okùn náà kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á dojú dé.

Lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó pariwo pé, "Tú u!" Okùn ló ń wí. Àbúrò gbọ́ "Tu ú," ó fò mọ́ ọ̀pá ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bá lọ há sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n tú u ni àbí kí n tu ú? Afẹ́fẹ́ ò mọ àmì ohùn o."

"Etí ẹ ló di."

Wọ́n wá fẹnu kò pé "Jọ̀wọ́ ẹ̀" ni kí ẹ̀gbọ́n máa pè nígbà tó bá fẹ́ kí okùn bọ́ lórí ìkọ́. Àbúrò rẹ́rìn-ín títí. Ó délé, ó sọ fún ìyá wọn pé, "Màámi, ẹ̀gbọ́n mi á máa bẹ̀ mí lójoojúmọ́ ayé wọn."

Nínú ìdíje kẹjọ, àwọn ló wà níwájú nígbà tí ìjì já lù wọ́n. Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Tú u!" Àbúrò fi okùn sílẹ̀ lórí ìkọ́, ó sáré wá di ọ̀pá ìdarí mú. Ọkọ̀ dojú dé. Okùn náà lọ́ mọ́ àbúrò lẹ́sẹ̀ lábẹ́ omi. Kí wọ́n tó gé e, ẹ̀mí ti bọ́.

Àwọn adájọ́ ìdíje kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbúrò kò ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ìyá wọn gbà bẹ́ẹ̀. "Agídí ọmọ yẹn," ló ń wí fún àwọn tó wá kí i, "àtikékeré ni mo ti ń bá a wí." Oṣù mẹ́ta ni ọmọbìnrin rẹ̀ fi jókòó tì í, tó ń gbọ́ èyí, tí kò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a ní ilé ìdáná.

"Màámi, kò ṣàìgbọràn. Ọ̀rọ̀ tá a ti jọ pa tì ni mo pè. Ohun tó gbọ́ ló ṣe."

Ìyá bu omi sínú ìkòkò, ó bò ó. "Oṣù mẹ́ta lo fi ń wò mí tí mò ń bú òkú ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀wọ́, mà."

"Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó o pè lórí omi."

Ọmọbìnrin náà kọ̀wé sí àwọn adájọ́. Wọ́n tún àkọsílẹ̀ ṣe, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ tó fi ń díje lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Òpópó kan ló wà láàárín ilé ìyá rẹ̀ àti yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í kí ara wọn. Ó ṣì wà níbẹ̀, láti aago méje àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tó ń rán ìgbòkun àwọn ẹlòmíràn.