Àdírẹ́sì Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Bá Ara Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé-ìwé aládàáni kan ní Ìyànà Ọ̀fà, kí ìyá tó ni ilé-ìwé náà tó lọ mú ọkùnrin kan wá láti ìgboro Ìbàdàn. Wọ́n ní ògbóǹtarìgì ni, pé òun ni yóò ṣe ètò tí àwọn ọmọ yóò máa fi ṣe ìdánwò lójú kọ̀ǹpútà. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Èmi tí mò ń gun ọ̀kadà wá láti abúlé lójoojúmọ́, tí eruku máa ń bo bàtà mi, kí ni mo fẹ́ mọ̀?

Ọkùnrin náà wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán. Ó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí ètò náà, ìbéèrè ìdánwò jáde, àwọn tísà pàtẹ́wọ́. Mo ní kí a dán an wò lórí àwọn kọ̀ǹpútà méjìlá tó wà ní kíláàsì, torí ìdí àwọn yẹn làwọn ọmọ yóò jókòó sí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó rí i.

"Wáyà yín ló ti bàjẹ́," ló wí.

Mo pààrọ̀ wáyà, pàbó ló já sí. Ó ní àwọn kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Lọ́jọ́ kejì, ó ní iná ìjọba ni kò dúró dáadáa, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ la tàn. Nígbà tí àwáwí tán lẹ́nu rẹ̀, ó wo ìta lójú fèrèsé, níbi tí wọ́n ti ń sá láfún sẹ́bàá títì, ó ní, "Ìṣòro ibi tó bá jìnnà sígboro nìyí."

Ìgbà yẹn ni iyì rẹ̀ tán lójú mi. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bàbá mi ò mọ̀wé, kò sì tìtorí ẹ̀ purọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀, tó wá ń di ẹ̀bi ru wáyà, n kò rí ohun tí mo lè fi bọ̀wọ̀ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àdírẹ́sì wo lẹ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ètò yín?" ni mo bi í.

Ó wò mí bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá fọhùn. "Tísà, ìyẹn kọjá ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ."

Ó jáde lọ jẹun. Mo ní kí ìyá onílé-ìwé jẹ́ kí n wo inú ètò náà.

"Ẹ má bà á jẹ́ o," ni wọ́n wí.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Bí ètò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, ó máa ń ṣí ojúhò kan sílẹ̀, ìyẹn là ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. A gbọ́dọ̀ fún ojúhò náà ní àdírẹ́sì, kí àwọn tó wà níta lè mọ ibi tí wọn yóò kàn sí. 127.0.0.1 ni ọ̀gá ará ìgboro yìí kọ síbẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní àdírẹ́sì yẹn. Òun ló fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ará ìta kò lè gbabẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lójú láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo pa á rẹ́, mo kọ àdírẹ́sì tí láàpútọ́ọ̀pù náà ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ìwé wa, mo tún ètò náà tàn. Ìlà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà méjèèjìlá rí i.

Ọ̀gá wọlé, ó ń tayín. "Mo sọ fún yín pé wáyà ni," ló wí.

Ìyá onílé-ìwé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí, wọ́n sì ní kí èmi náà dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ó korò lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí láti ilé-ìwé kan ní Akanran. "Tísà, mo kọ ohun tí mo rí pé ẹ kọ sínú ètò níjọ́sí, ètò ò tiẹ̀ dìde rárá. Ó ní òun ò lè lo àdírẹ́sì yẹn."

Mo ní kó kà á fún mi. Ti ilé-ìwé wa ni, kò yọ nọ́ńbà kan sílẹ̀.

"Sà, ti ọ̀dọ̀ wa níbí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ò lè gba àdírẹ́sì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wo èyí tó ń jẹ́ níbi tí ẹ wà."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń dán yín wò ni." Ó pa fóònù.

Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá onílé-ìwé tún ránṣẹ́ pè é. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ gbé àga wá fún un, mo sì gbé e wá.